Oníkókó Méjì

Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni Mirleny àti ìyá ọkọ rẹ̀ kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ológbò ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Yàrá kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbé, yàrá onípákó tí wọ́n fi páànù bò, ní orí òkè kan lẹ́yìn ìlú Lima, níbi tí àtẹ̀gùn simẹ́ńtì ti tán tí iyanrìn sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ènìyàn méjì yan ara wọn lódì nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Bí ọ̀kan bá na ọwọ́, ara èkejì ni yóò bà.

“Kọ́nẹ́ẹ̀lì,” ni Màmá Ercilia wí fún ológbò náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, “bá mi sọ fún ẹni tó nilé pé mo ti jí.”

“Kọ́nẹ́ẹ̀lì,” ni Mirleny dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tí ó ti ń yí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná, “sọ fún wọn pé kọfí wà nínú ìkòkò.”

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀. Kò dá sí i.

Ọbẹ̀ ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ àwọn ará Venezuela ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Hallaca oṣù Kejìlá ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ àjẹsùn lásán. Ẹ ó tẹ́ ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi osùn po pupa sórí ewé, ẹ ó bu ọbẹ̀ ẹran sí i láàárín, ẹ ó fi ólífì àti àjàrà gbígbẹ lé e, ẹ ó pọ́n ọn, ẹ ó fi òwú dì í, ẹ ó sè é. Agbo ilé ni í ṣe é. Ìyá àgbà á máa bu ọbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin á máa tẹ́ ewé, àwọn àna á máa di òwú, wọn á sì máa ṣe òfófó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lórí òkè tiwọn yìí, ọwọ́ mẹ́rin péré ló kù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń bínú.

Ní Maracay tí wọ́n ti bí Mirleny, wọ́n á ti se ọbẹ̀ náà jinná kó tó kan ewé. Ní òkè Táchira tí Màmá Ercilia ti wá, tútù ni ẹran ń wọ inú ewé, tòun ti ẹ̀wà garbanzo, inú ewé ni yóò ti jinná. Àná ni ìyá àgbà wo ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná, ó ní oúnjẹ àmọ́jú ni wọ́n fẹ́ di sínú ewé fún àwọn tó máa tọ́ ọ wò. Mirleny ní orúkọ òun ló wà nínú fọ́ọ̀mù, bí wọ́n ṣe ń sè é nílé ìyá òun lòun máa sè é.

“Nílé ìyá rẹ,” ni ìyá àgbà wí. “Bó o bá mọ ọbẹ̀ sè ni, ṣé Deivis ọmọ mi á ti gba Chile lọ?”

Ẹyin lohùn. Mirleny rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́. Oṣù keje rèé tí Deivis ti lọ, oṣù kẹrin rèé tí kò gbé fóònù mọ́. Ìyá rẹ̀ ń pè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, yóò gbé fóònù sórí itan, yóò máa ṣe bí ẹni ń wo aago. Àwọn méjèèjì ló ń gbọ́ bó ṣe ń dún láìsí ẹni tó gbé e.

Kí ni fọ́ọ̀mù tí à ń sọ yìí? Àjọ kan ló wà ní ìsàlẹ̀ òkè tó ń ran àwọn obìnrin tí wọ́n sá kúrò nílùú wọn lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ obìnrin mọ́kàndínlógún ní oúnjẹ títà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, wọ́n fún wọn ní épírọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ “Obìnrin Tó Dá Dúró” sí láyà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé ìsọ̀ márùn-ún péré ló wà nínú ọjà oúnjẹ tuntun, ìsọ̀ tó lórùlé, tó ní omi ẹ̀rọ, ọ̀fẹ́ fún odidi ọdún kan. Obìnrin mọ́kàndínlógún, ìsọ̀ márùn-ún. Ta ló ṣe ìṣirò yẹn? Ẹni yòówù kó jẹ́, kò ta súìtì nínú bọ́ọ̀sì rí. Mẹ́rin ti lọ. Ẹyọ kan tó kù, aago méjì ọ̀sán Sátidé yẹn gan-an ni wọn yóò tọ́ oúnjẹ wò tí wọn yóò sì fi í fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dùn jù.

Àtẹ súìtì Mirleny wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọdún kan ààbọ̀ ló ti ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì, tí awakọ̀ ń lé e bọ́ọ́lẹ̀, tí àwọn ọkùnrin ń fọwọ́ pa á nídìí tí wọ́n á sì fi orúkọ èébú tí wọ́n ń pe àwọn ará ìlú rẹ̀ bi í pé, “Veneca, èló lo ń ta ara rẹ?” Bó bá rí ìsọ̀ yìí gbà, ó ti pinnu pé òun á sọ àtẹ náà sí ìsàlẹ̀ òkè. Bí kò bá rí i gbà, ọjọ́ Ajé ni yóò tún gbé e wọ bọ́ọ̀sì.

Ogójì hallaca ló fẹ́ ṣe. Ìkòkò rẹ̀ kéré, ọbẹ̀ tó sè lánàá kò kọjá ohun tó lè kún mẹ́rìnlélógún. Ó ti di mẹ́rìnlélógún náà tán kí aago mẹ́jọ tó lù, ó fi kókó kan dì wọ́n. Ẹran tó kù wà ní tútù nínú abọ́, ó sọ fún Kọ́nẹ́ẹ̀lì, kí ó lè wọ etí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, pé òun á sè é báyìí. Àfi bí fèrè ọkọ̀ agbómi ṣe dún nísàlẹ̀. Omi tó wà nínú àgbá kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Sátidé nìkan ni ọkọ̀ náà ń wá. Mirleny kó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ó sáré.

Ìlà ti gùn nígbà tó débẹ̀. Ó tò sẹ́yìn Señora Felícita, ìyàwó oníbírẹ́dì, ọmọ onílẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

“Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ kú ojúmọ́,” ni Mirleny wí.

“O ò rí i bí ara rẹ̀ ṣe ń rùn fún ewé,” ni Felícita wí fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. “Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Támálè tiwa níbí ni, àwọn á ní rárá o, hallaca ni.”

“Támálè kọ́, Señora.”

“Àgbàdo ni àbí àgbàdo kọ́?”

“Àgbàdo ni.”

“Ó wà nínú ewé àbí kò sí nínú ewé?”

“Ó wà nínú ewé.”

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn. Támálè tó níwèé ìrìnnà ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Mirleny náà rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀rín Felícita kò ní oró púpọ̀ nínú. Èyí tó ní oró ni ti ọ̀gbẹ́ni tó di rọ́bà omi mú. Ó ní sọ́ọ̀lì mẹ́rin, owó ilẹ̀ náà, ni àgbá kan lónìí, nítorí ọdún ń bọ̀. Ó ní omi kò sì lè kárí, nítorí náà kí àwọn tí wọ́n bí sí ilẹ̀ yìí kọ́kọ́ pọn, kí àwọn àlejò bọ́ sẹ́yìn.

Obìnrin mẹ́ta ló jáde kúrò nínú ìlà. Mirleny ni ẹ̀kẹrin. Felícita tí kì í dákẹ́, tó ń bá òkúta sọ̀rọ̀ bí kò bá rí ènìyàn, wo ilẹ̀. Ó kàn gbé garawa rẹ̀ síwájú ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, sí ibi tó ṣófo.

Wákàtí méjì ó dín díẹ̀ ni Mirleny lò lẹ́yìn ìlà. Ó ń wo oòrùn, ó ń ro ẹran tútù inú abọ́, ó ń ro ìyẹ̀fun tó ń gbẹ. Kò sí ẹni tó lè sáré lọ bá a sè é. Ẹnì kan wà, ṣùgbọ́n ṣé ó ṣeé rán níṣẹ́? Nígbà tó gun òkè dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ tó bọ̀, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ó wọlé. Ogójì hallaca ló wà lórí tábìlì, gbogbo wọn ti wà ní dídì. Ìkòkò ọbẹ̀ ti di fífọ̀, wọ́n ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Sítóòfù ṣì ń gbóná. Màmá Ercilia jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn tó máa ń dùn ún, ojú rẹ̀ wà lára ògiri.

Mirleny dúró. Mẹ́rìndínlógún tuntun yẹn, kókó méjì ló wà lórí òwú wọn. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nílé ìyá tirẹ̀, oníkókó méjì ni èyí tí kò ní àjàrà gbígbẹ, ti àwọn tí kì í jẹ ohun dídùn nínú ọbẹ̀. Àjàrà ti tán lóòótọ́. Ìyá àgbà ti se ẹran yòókù, ó ti dì í, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún yẹn. Nǹkan kan dìde láyà Mirleny, ó gun ọ̀fun, ó dé ẹnu. “Ẹ ṣeun, Màmá” ni. Ọ̀rọ̀ Chile wá dìde láti ibi tó sùn sí, ó dí i lọ́nà. Ó gbé ìkòkò ńlá ka iná, ó sì da omi sí i.

“Kọ́nẹ́ẹ̀lì,” ni ohùn kan wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, “àwọn oníkókó méjì yẹn…”

Ó ti tún dé, ni Mirleny rò nínú ara rẹ̀. Á sọ pé tòun dára jù. Á sọ pé ọmọ òun ì bá má lọ. Ó na ọwọ́ sí rédíò, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè. Orin kan bẹ̀rẹ̀, ó gba gbogbo yàrá. Ó ń rí ẹnu ìyá àgbà tó ń mì, tó ń bá ológbò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ẹnu náà pa dé. Ìyá àgbà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó fa aṣọ bo orí. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ. Ó ti jí ṣáájú àkùkọ.

Wákàtí kan géérégé ni hallaca ará Maracay ń lò nínú omi. Mirleny ka wákàtí kan. Ó yọ wọ́n, ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, ó kó ogún sínú àpò, mẹ́wàá oníkókó kan, mẹ́wàá oníkókó méjì. Ó wọ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó wo ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rọra pa rédíò kí ó má baà jí i. Ìwọ̀nba ohun tó lè ṣe nìyẹn.

Ní ọ́fíìsì àjọ náà nísàlẹ̀ òkè, àwọn mẹ́ta ló ń tọ́ oúnjẹ wò: Señorita Rocío tó jẹ́ olórí àjọ náà, ọkùnrin kúkù kan láti òtẹ́ẹ̀lì, àti ìyáàfin kan láti ìjọba ìbílẹ̀ tó ń wo fóònù rẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù nínú ìdíje náà tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, oníkálukú pẹ̀lú oúnjẹ tirẹ̀ níwájú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mirleny ni Damelis, ọmọ ìlú rẹ̀, tó dín wàràkàṣì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé. Damelis di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kúkù náà tú oníkókó kan. Ó bù ú sẹ́nu, ó di ojú. Ó tún bù ú. “Ta ló kọ́ ọ?” ló bi í.

“Ìyá mi, sà.”

“Ìyá rẹ káre.”

Ìyáàfin ìjọba gbé fóònù sílẹ̀, òun náà bù ú. Mirleny rí ìsọ̀ náà kedere: òrùlé, omi ẹ̀rọ tí kò ní í tò fún, àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó ti rí ẹni tó jókòó lórí àga náà, tó ń bínú, tó ń bu ọbẹ̀.

“Ó dára gan-an,” ni Señorita Rocío wí, “àmọ́ èmi kì í jẹ àjàrà gbígbẹ. Gbogbo ọdún ni mo máa ń ṣa á kúrò.”

“Ó wà, Señorita,” ni Mirleny wí, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. “Àwọn oníkókó méjì kò ní àjàrà. Fún irú yín la ṣe dì í.”

Ó tú u fún un pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Rocío bù ú sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, eyín rẹ̀ ró kó. Ó tutọ́ sọ́wọ́. Ẹ̀wà kan ni, ó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ̀wà garbanzo. Mirleny rí i, ó sì rántí Táchira kí ó tó di pé kúkù fi fọ́ọ̀kì la ìyókù sí méjì, tí ẹran yọ láàárín rẹ̀, tó pọ́n, tí omi ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sórí ewé.

“Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rèé, ìyáàfin,” ni kúkù náà wí. Kò pariwo. “Èyí lè pa ènìyàn.”

Ìyáàfin ìjọba fi tíṣù nu ahọ́n. Ẹnì kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ní, “Háà.” Wọ́n yí padà wo Mirleny, wọ́n ń dúró de ohun tó máa sọ. Ó lè sọ pé ìyá ọkọ òun ni. Òtítọ́ ni ì bá jẹ́. Ó rántí ẹnu tó ń mì lábẹ́ orin.

“Èmi ni,” ló wí. “Mi ò sè é pẹ́ tó.”

“Ọdún tó ń bọ̀, Mirleny,” ni Rocío wí, ó fọwọ́ kàn án léjìká. Ènìyàn dáadáa ni Rocío. Ó gbé omi mu, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Damelis.

Damelis ló gba ìsọ̀ náà. Ó dì mọ́ Mirleny, ara rẹ̀ ń rùn fún òróró, ó ní, “Má bínú sí mi, jọ̀ọ́.” Mirleny ní òun kò bínú. Òótọ́ ló sọ. Inú tí ènìyàn fi ń bínú kò tilẹ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ó gun àtẹ̀gùn náà padà pẹ̀lú àpò lórí. Felícita wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó rí i, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó sì wọlé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, àmọ́ ilé tí Mirleny ń lọ yìí, ta ló wà níbẹ̀ tó máa bi í pé báwo?

Ìyá àgbà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wẹ̀, ó ti di irun rẹ̀. Ó wo àpò náà bó ṣe wúwo tó.

“Kọ́nẹ́ẹ̀lì,” ló wí, “bi í léèrè bí wọ́n ṣe jẹ ẹ́.”

Mirleny kọjá lára rẹ̀. Ó tú àpò sórí tábìlì, ó ṣa àwọn oníkókó méjì sọ́tọ̀, ó kó wọn pọ̀ mọ́ mẹ́fà tó fi sílẹ̀ nílé. Ó da omi inú kẹ́ẹ̀gì kan sínú ìkòkò ńlá, omi tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó kó àwọn oníkókó méjì sínú rẹ̀, ó tan iná sí i.

Ìyá àgbà dìde. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó wo inú rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pe ológbò.

“Wákàtí mélòó lo sè é láàárọ̀?”

“Ọ̀kan.”

“Mẹ́ta ni tiwa. Kókó méjì la fi ń dá a mọ̀, kí ẹni tó wà nídìí iná lè mọ̀ pé tútù ló wọ ewé.”

“Mo ti mọ̀ báyìí, Màmá.”

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ súìtì.

“Mo sọ ọ́,” ló wí. “Mo sọ ọ́ fún ológbò.”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mirleny jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Kò sí ẹni tó tan rédíò. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ dé, ìyá àgbà kò fọwọ́ kan fóònù. Wọ́n jókòó ti iná náà fún wákàtí mẹ́ta gbáko, gáàsì ń lọ, omi ń gbẹ, Mirleny ń bù sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ó dìde nígbà tó pé, ó yọ ọ̀kan, ó tú kókó àkọ́kọ́, ó tú ìkejì. Ó pín in sí méjì, ó gbé èyí tó tóbi fún ìyá àgbà.

Ẹran náà ti jinná. Ẹ̀wà ti rọ̀. Omi ẹran ti wọ inú ìyẹ̀fun lọ́nà tí ọbẹ̀ àsètẹ́lẹ̀ kò lè fi wọ̀ ọ́ láé. Ó dùn. Kò sí ẹni tó máa jẹ ẹ́ tí kò ní í fún un ní ìsọ̀.

“Ẹ ṣeun, Màmá,” ni Mirleny wí.

Ìyá àgbà ń jẹun, ojú rẹ̀ wà lára àtẹ súìtì náà. Ó fi àtàǹpàkò nu eruku kúrò lára ike tí wọ́n fi bò ó, ó to àwọn súìtì tó ti dà rú padà sí ipò wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.